Okùn Olórí Méjì: Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Àwọn Oògùn Tí Ń Pẹ́ Nínú Ara

Ọ̀nà tí ó ti Onigbolo lọ sí Pobè kò gùn lójú ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tí egbò Buruli bá ń bá lẹ́sẹ̀ jà, tí ó jókòó sẹ́yìn zémidjan pẹ̀lú báńdéèjì ní ojúgun, òun ni ó mọ bí ó ti gùn tó. Láti ọdún 2004, ìtọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, là sílẹ̀ ni pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa gbé oògùn rifampicin mì, kí wọ́n sì máa gún un ní abẹ́rẹ́ streptomycin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ 56 nìyẹn. Àwọn ọmọdé pọ̀ gan-an nínú àwọn tí àrùn náà ń mú. Abẹ́rẹ́ a máa dùn wọ́n, streptomycin sì lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹni tí kò bá lè máa lọ máa bọ̀ ní láti sùn sí ibùdó ìtọ́jú, kí ẹlòmíràn nínú ẹbí sì fi oko sílẹ̀ láti máa wá oúnjẹ fún un.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò ti òkè òkun nìkan wá. Ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Gánà àti ibùdó Pobè ni wọ́n jọ ṣe ìdánwò tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2020. Èsì náà fi hàn pé rifampicin pẹ̀lú clarithromycin, tí aláìsàn ń gbé méjèèjì mì, kò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú alábẹ́rẹ́. Clarithromycin tí wọ́n lò jẹ́ irú èyí tí a ṣe kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, kí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lè tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣì ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ 56 kò sí mọ́.

Ọ̀ràn Pobè yìí gbé ìbéèrè kan jáde tí àwọn tí ń ṣe oògùn ń bá jà kárí ayé: ìgbà mélòó ni ó yẹ kí oògùn wọ ara aláìsàn kí ó tó wò ó sàn? Oògùn oníhóró tí a ń gbé mì jẹ́ ìdáhùn kan. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn wà tí kò ṣeé gbé mì, nítorí pé purotéènì ni, ikùn yóò sì dà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń da ẹran àti ẹ̀wà. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ọ̀nà irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán, púpọ̀ nínú wọn ni kíndìnrín ń sẹ́ dànù láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ó lè pẹ́, àwọn onímọ̀ a máa so ó mọ́ okùn kan. Ọ̀rọ̀ okùn náà ni ó wà nílẹ̀ yìí, pàápàá ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ méjèèjì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí yóò máa rà á.

Àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù láti fi yé ni ni interferon, tí wọ́n ń lò fún àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti irú C. Interferon lásán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un fún aláìsàn. Láàárín ọdún 2000 sí 2002, irú méjì tí a ti so mọ́ okùn jáde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, PegIntron àti Pegasys, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì tó. Ìtọ́jú mẹ́dọ̀wú C lè gba ọ̀sẹ̀ 48. Abẹ́rẹ́ 144 ni ó di 48. Lẹ́yìn ọdún 2013, oògùn oníhóró bíi sofosbuvir bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ interferon fún irú C, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé interferon a máa mú ibà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá fi okùn so ni yóò wà títí. Síbẹ̀, okùn náà kò bá interferon lọ. Ó ti wọ inú oògùn àrùn jẹjẹrẹ, oògùn àwọn ọmọ tí a bí láìní agbára láti bá àrùn jà, àti àjẹsára.

Polyethylene glycol ni àwọn onímọ̀ ń pè é, PEG ni ìkékúrú rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ní àwọn ilé oògùn tí ń ta ọjà ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá le lè gba àpò ìyẹ̀fun kékeré kan tí a kọ macrogol 4000 sí lára. PEG náà ni. Ó ń yọ́ nínú omi, ó sì ń di omi mú, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Pólímà ni, èyí ni pé ẹ̀wọ̀n ni, tí òrùka kan náà so kọ́ra léraléra. Òrùka kọ̀ọ̀kan ní káríbọ́ọ̀nù méjì, ọ́síjìn kan àti háídírójìn mẹ́rin, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 44. Nítorí náà ẹ̀wọ̀n tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4000 ní nǹkan bí òrùka 90, èyí tí ó jẹ́ 2000 sì ní nǹkan bí 45. Ní orí kìíní àti ní orí kejì, ohun kan náà ni ó wà níbẹ̀: ọ́síjìn kan tí ó gbé háídírójìn kan dání. Bí a bá yí ẹ̀wọ̀n náà po, bákan náà ni yóò rí. Kò sí àmì tí a lè fi mọ orí kan yàtọ̀ sí èkejì.

Bí a bá so irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́ purotéènì kékeré, omi yóò rọ̀ mọ́ ọn, purotéènì náà yóò sì tóbi ju ihò tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn èròjà inú ara tí ń gé purotéènì wẹ́wẹ́ kò ní tètè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báyìí ni ó fi ń pẹ́.

Ẹni tí ó ń sin ewúrẹ́ yóò tètè rí ibi tí wàhálà wà. Okùn ewúrẹ́ ní ojóbó ní orí kan, orí kejì wà ní èèkàn. Bí a bá ṣe ojóbó sí orí méjèèjì, tí a sì ju okùn bẹ́ẹ̀ sáàárín agbo, ewúrẹ́ méjì ni yóò so pọ̀. Bí okùn náà bá sì pọ̀, gbogbo agbo yóò lọ́ mọ́ra títí kò fi ní sí èyí tí ó lè rìn. Bákan náà ni purotéènì. Ẹ̀wọ̀n tí orí rẹ̀ méjèèjì ń mú nǹkan yóò so purotéènì kan mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí yóò fi di ìṣù. Ìṣù kì í ṣe oògùn. Ara lè rí i bí ọ̀tá, kí ó sì dojú ìjà kọ ọ́. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí orí kan mú, kí èkejì má ṣe mú ohunkóhun, tàbí kí ó mú ohun tí ó yàtọ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí jáde mọ èyí. Frank Davis àti Abraham Abuchowski, ní Yunifásítì Rutgers ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1977. PEG tí wọ́n lò kì í ṣe olórí méjì lásán. Wọ́n lo èyí tí a ti fi ìdérí kékeré kan, tí ń jẹ́ methyl, dé orí rẹ̀ kan, tí ó fi jẹ́ pé orí kan péré ni ó kù tí ó lè mú nǹkan. Ní ọdún 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde, Adagen, fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò ní èròjà kan tí àìsí rẹ̀ ń pa agbára ìdáàbòbò ara run. Oncaspar tẹ̀ lé e ní 1994, fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ọmọdé. Ní 2002, pegfilgrastim dé, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ funfun sókè lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ: ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gún un fún ìtọ́jú kan, dípò abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́.

Báwo ni a ti ń rí ẹ̀wọ̀n tí orí rẹ̀ kan dé? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a dé e láti ìbí. A ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà láti ara ọtí igi, methanol, tí ó ti gbé methyl dání. Òrùka yóò máa kún òrùka ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí omi díẹ̀, àní ìrì lásán, bá wọ inú ìkòkò náà, omi náà yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, èyí tí yóò máa gùn sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ a máa gùn tó ìlọ́po méjì àwọn yòókù, orí rẹ̀ méjèèjì a sì ṣí sílẹ̀. Àwọn ni ojóbó méjì tí ó sápamọ́ sínú agbo. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè gbẹ omi kúrò pátápátá, tí kò sì ní ẹ̀rọ tí ó lè ka iye irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe okùn oògùn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìdérí náà fúnra rẹ̀ sì ti wá di ẹjọ́. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kan ní California fi hàn pé nígbà tí ara bá dojú ìjà kọ oògùn tí a so mọ́ PEG, ìdérí methyl yẹn wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun ara ń dá mọ̀. Ẹ̀wọ̀n tí orí rẹ̀ tí ó kù kò ní ìdérí, tí ó wà bí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bí ara nínú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Pegloticase, oògùn àrùn gáùtì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2010, kò bá púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ṣiṣẹ́ pẹ́, nítorí pé ara wọn kọ́ bí a ti ń dá PEG mọ̀, ó sì ń lé e jáde. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn onímọ̀ ń fẹ́ kí orí kejì wúlò: kí orí kan gbé oògùn, kí èkejì gbé ohun tí yóò mọ ilé àrùn, bí ìránṣẹ́ tí ó mọ ojú ẹni tí a rán an sí.

Fún ìdí méjèèjì, iṣẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀wọ̀n olórí méjì lásán, èyí tí orí rẹ̀ jọra. A fẹ́ yí orí kan padà, kí a má fọwọ́ kan èkejì. Níbí ni ìṣirò ti ń dí ni lọ́wọ́. Kí a sọ pé ẹ̀wọ̀n 100 ni ó wà nínú ìkòkò; orí 200 nìyẹn. Kí a da èròjà tí ó tó orí 100 péré sí i. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò rò pé ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà náà kò mọ ẹ̀wọ̀n tí ó ti gbà àti èyí tí kò tíì gbà. Ó dà bí ẹni tí ó ju owó ẹyọ méjì sókè fún ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan. Níparí, nǹkan bí 25 kò ní gba ohunkóhun, 50 yóò gba ní orí kan, 25 yóò gba ní orí méjèèjì. Ìdajì péré ni ó wúlò. Ìdajì yòókù jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀: bákan náà ni ó funfun, bákan náà ni ó ń yọ́ nínú omi, ìwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ọgbọ́n tí a ti ta sí i kò jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan ń dín èròjà náà kù gan-an, kí ó fi jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n tí yóò gbà lẹ́ẹ̀mejì yóò ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà wọn yóò yọ àwọn tí kò gbà kúrò. Àwọn mìíràn ń so orí kan mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kì í yọ́, wọn a ṣiṣẹ́ lórí èyí tí ó yọrí síta, wọn a sì gé e kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọdún 2002, ní Québec, Bouzide àti Sauvé tẹ ọ̀nà kan jáde tí ó lo fàdákà tí ó ti bá ọ́síjìn pọ̀: fàdákà náà a máa mú kí orí kan yá láti gba èròjà ju èkejì lọ, ó sì ṣiṣẹ́ dáradára pàápàá fún àwọn ẹ̀wọ̀n kúkúrú. Fún àwọn gígùn, iṣẹ́ ńlá ṣì ni ṣíṣà. Wọ́n a fi orí tí ó yípadà ṣe ohun tí ó ní agbára iná, wọ́n a sì da gbogbo rẹ̀ gba inú ọ̀pá tí ó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ tí ń fa agbára iná: èyí tí kò ní a kọ́kọ́ jáde, èyí tí ó ní ọ̀kan a tẹ̀ lé e, èyí tí ó ní méjì a gbẹ́yìn. Ó gba ọjọ́, ó gba omi mímọ́, ó gba iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú.

Ará Onigbolo kò nílò kí a kọ́ òun ní apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ti fi han agbègbè náà pé òkúta ẹfun tí a wà kò tíì di sìmẹ́ǹtì. Ó di ìgbà tí a bá lọ̀ ọ́, tí a sun ún, tí a tún un lọ̀. Ohun tí ènìyàn lè má mọ̀ ni pé PEG onídèérí kan yìí gan-an wà nínú iṣẹ́ ìkọ́lé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Wọ́n ń so ó bí eyín òòyà mọ́ ara pólímà mìíràn, wọ́n sì ń dà á sínú kọnkéré kí ó lè máa ṣàn láìsí omi púpọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó o, kò sì wọ́n. Níbẹ̀ pẹ̀lú, bí àwọn olórí méjì bá pọ̀ jù, pólímà náà yóò lọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kọ́lékọ́lé lè fara mọ́ díẹ̀ nínú wọn. Ilé rẹ̀ kò ní wó nítorí èyí. Ẹni tí ń ṣe abẹ́rẹ́ kò lè fara mọ́ ọn. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Ohun tí ó mú kí ti oògùn wọ́n ju ti kọnkéré lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra ni ṣíṣà, fífọ̀, àti ìwé ẹ̀rí pé a ṣà á, a sì fọ̀ ọ́.

Èyí ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn nígbà tí a bá ń gbọ́ ìròyìn nípa ṣíṣe oògùn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú àjẹsára Pfizer àti ti Moderna tí ayé lò fún Kòrónà, bọ́ọ̀lù ọ̀rá kéékèèké ni ó gbé iṣẹ́ tí a rán. Lára bọ́ọ̀lù náà ni PEG tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2000 wà, orí rẹ̀ kan so mọ́ ọ̀rá, èkejì dé. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọn bọ́ọ̀lù náà lẹ̀ mọ́ra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, OMS kéde pé ibùdó kan yóò wà ní South Africa láti kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìmọ̀ àjẹsára yìí. Ilé iṣẹ́ Afrigen ní Cape Town ni ó wà ní àárín rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí yóò kọ́kọ́ gbà á: Íjíbítì, Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Sẹ̀nẹ̀gà, South Africa àti Tùnísíà. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti pinnu pé kí ìpín 60 nínú 100 àjẹsára tí a ń lò ní ilẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a ṣe níbí ní ọdún 2040. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Gavi gbé ètò owó kan kalẹ̀ tí ó lè tó bílíọ̀nù 1.2 dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá láti ran àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìpinnu rere ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé àti ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn ń kà. Wọ́n ń ka iye ìgò tí a ó dà kún, wọn kì í ka ohun tí a ó dà sínú rẹ̀ àti ibi tí yóò ti wá. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ra ọ̀rá, tí ó ń ra okùn, tí ó ń ra ìwé ẹ̀rí okùn náà pẹ̀lú, ti gbé ìdúró rẹ̀ láti òde wọ inú ilé lásán ni. Bẹ̀nẹ̀ mọ ọ̀ràn yìí láti apá kejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba kò gbà kí a kó kajú tútù jáde ní orílẹ̀-èdè mọ́. Glo-Djigbé ni a ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí òfin yẹn ni pé ẹni tí ó sọ ohun tútù di ohun títà ni èrè ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ fún kajú, ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀wọ̀n tí ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kò sí ní ibòmíràn bí kò ṣe ní orí rẹ̀ kan.

A kò lè sọ pé kí Bẹ̀nẹ̀ lọ kọ́ ilé iṣẹ́ PEG ní ọ̀la. Gáàsì tí a fi ń ṣe òrùka rẹ̀, ethylene oxide, a máa bú gbàmù, ó sì ní oró. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé kalẹ̀ lẹ́bàá abúlé. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí a tó dé ibẹ̀ ni yàrá ìwádìí tí ó lè sọ pé nínú àpò yìí, ẹ̀wọ̀n olórí méjì tí ó ṣí sílẹ̀ pọ̀ tó báyìí, òrùka rẹ̀ tó báyìí. Ilé tí ó bá lè ka èyí lè kọ ọjà búburú sílẹ̀ ní ẹnu ibodè. Ilé tí kò lè kà á yóò gba ohun tí wọ́n bá kọ sí ara páálí gbọ́.

Ẹ̀mí ti lọ nítorí àìkà yìí, nínú ìdílé èròjà yìí gan-an. Nígbà tí òrùka bá pọ̀, PEG kò pa ènìyàn lára. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ethylene glycol ni. Bí ó bá jẹ́ méjì, diethylene glycol ni. Méjèèjì ń pa kíndìnrín run. Wọ́n dùn lẹ́nu, owó wọn kò pọ̀, wọ́n sì jọ omi tí a fi ń po oògùn olómi fún ọmọdé. Ní ọdún 1990, ní ìlú Jos ní Nàìjíríà, ọmọ 47 ni a kọ àkọsílẹ̀ pé diethylene glycol inú oògùn ibà pa. Láàárín 2008 sí 2009, ní Nàìjíríà kan náà, oògùn tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ń hu eyín pa ọmọ tí ó lé ní 80. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, OMS kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa oògùn ikọ́ mẹ́rin ní Gáḿbíà, níbi tí ó kéré tán ọmọ 66 ti kú. Nínú ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé tí ó bá oògùn rìn kò sọ ohun tí ó wà nínú ìgò.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé ẹ̀rí òkè òkun kò lè sọ. Omolola Eniola-Adefeso, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ohun kéékèèké tí ń gbé oògùn nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ a máa bo àwọn ohun ìgbóògùn wọ̀nyí, ó sì ń yí bí wọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ padà, àti pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lè ṣe é yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, okùn tí a dán wò lára àwọn ará Yúróòpù nìkan kò tíì parí ìdánwò rẹ̀ fún ẹni tí ń gbé ní Sakété.

Ní ti ẹni tí kò sí nínú yàrá ìwádìí, ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí oògùn ni ọ̀ràn kàn án. Èdè Faransé ni a fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré, púpọ̀ a sì máa jù ú nù. Bí ara ẹnì kan bá ti kọ macrogol rí, tí ó wú, tí ó yọ, tàbí tí mímí ṣòro fún un lẹ́yìn tí ó lò ó, ọ̀rọ̀ kan yẹn ni kí ó sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ kankan tí ó ní PEG nínú. Ìyá tí ó ti kọ́ ìwé kíkà ní èdè Yorùbá lè mọ lẹ́tà rẹ̀: m, a, c, r, o, g, o, l. Kò nílò láti gbọ́ Faransé kí ó tó lè wá a lára páálí.

Ní ibùdó Pobè, iṣẹ́ ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Ìdánwò mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lórí egbò Buruli: wọ́n ń fi amoxicillin pẹ̀lú clavulanate, oògùn tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ àwọn ilé oògùn, kún oníhóró méjì ti àtẹ̀yìnwá, láti wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè di mẹ́rin. Kò sí okùn nínú èyí. Ọjọ́ 28 dípò 56 ni wọ́n ń wá.